Ta ló pa Lucerys: Aemond ni àbí Vhagar? (House of the Dragon: ẹ wo sáà kejì tán kí ẹ tó kà á)

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí sáà kejì ti parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo sì fẹ́ ká jọ tú u palẹ̀ níbí. Fún ẹni tó ti gbàgbé: ìdílé ọba kan tó ń gun dírágónì ni ìtàn náà dá lé. Ọba Viserys ti ní Rhaenyra ọmọbìnrin òun ni yóò jẹ, ṣùgbọ́n ayaba rẹ̀ kejì, Alicent, bí Aegon àti Aemond fún un, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ìtẹ́. Lucerys jẹ́ ọmọ Rhaenyra, Vhagar sì ni dírágónì Aemond.

Nínú ìwé tí wọ́n ti fa fíìmù yìí yọ, Fire & Blood tí George R. R. Martin gbé jáde ní 2018, Aemond mọ ohun tó ń ṣe. Lucerys wá jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún Borros, olórí ilé olódi Storm's End, ó sì bá Aemond níbẹ̀. Aemond ní kó yọ ojú kan sílẹ̀ dípò ojú òun tí Lucerys fọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Borros ní ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ ta sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé òun. Ọmọ náà jáde lọ. Ìgbà yẹn ni Maris, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Borros, wá fi Aemond ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ojú nìkan ni wọ́n yọ lára rẹ̀ ni, àbí wọ́n yọ nǹkan ọkùnrin rẹ̀ mọ́ ọn. Inú bí i, ó gun Vhagar, ó lé ọmọdé náà bá nínú ìjì, ó pa á.

Nínú fíìmù, ní apá kẹwàá sáà kìíní, ọ̀rọ̀ yí padà. Aemond ń lé e kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Arrax tí Lucerys gùn kọ̀ sí i lẹ́nu, ó pọ iná sí Vhagar lójú. Vhagar náà fárígá, kò gbọ́ ti ẹni tó gùn ún mọ́. Aemond ń pariwo "Rárá, Vhagar!" títí ẹnu Vhagar fi pa dé mọ́ ọmọ àti dírágónì rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ojú Aemond hàn wá: jìnnìjìnnì ti bò ó.

Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n gba ìpinnu lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn. Kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Ogun tó yẹ kó jẹ́ pé àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ogun àṣìgbọ́ àti èèṣì. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan, kí la fẹ́ bá a wí sí? Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Àbúrò mi, o ṣeun tó o gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá ọ débẹ̀.

Ìpinnu ti wáyé kí Vhagar tó la ẹnu. Ta ló gun ẹranko ogun, èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo dírágónì tó ṣẹ́ kù láyé, lé ọmọdé nínú òjò àti àrá? Ta ló ní kí ọmọ ẹlòmíràn yọ ojú ara rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn? Ẹni tó tú ajá ọdẹ sílẹ̀ lé ọmọ aládùúgbò kò lè dé iwájú àwọn àgbà kó ní ajá ló bu ọmọ jẹ. "Rárá" tó ń pariwo yẹn, ó ti pẹ́. Kó tó gun orí Vhagar ló yẹ kó ti sọ "rárá" fún ara rẹ̀.

Èyí tí fíìmù ṣe gan-an ló bà mí lẹ́rù ju ti ìwé lọ. Nínú ìwé, ọkùnrin burúkú kan pa ọmọ. Nínú fíìmù, ọmọ ọdún péréte kan rò pé nítorí òun gun ohun ńlá, òun ti di ọ̀gá ohun ńlá náà. Irú wọn pọ̀ lójú wa.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Ìyá wa ti sọ ọ́ tán. Èmi ò ka ìwé yẹn o, fíìmù nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí apá kejì sáà kejì: Aemond lọ bá obìnrin kan ní ilé aṣẹ́wó, ó káwọ́ kájá mọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ Lucerys, pé inú ló bí òun lọ́jọ́ náà. Obìnrin yẹn ló sọ ọ́ fún. Mi ò rí i kó dìde nínú ìgbìmọ̀ kó sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń rò. Ó jẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun ní apani nítorí pé orúkọ náà ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìpinnu ni?

Tísà Gbókòótọ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò o. Akọ̀wé, kí a tó tẹ̀ síwájú, ta ló wà lókè nínú ìjì yẹn tó wá ròyìn fún wa?

Fire & Blood kì í wọ inú ọkàn èèyàn. Martin gbé e kalẹ̀ bí ìwé ìtàn tí ọ̀mọ̀wé kan, Gyldayn, kọ lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Ohun tí Gyldayn ní lọ́wọ́ ni ẹ̀rí àwọn tó máa ń ta ko ara wọn: àlùfáà Eustace, Munkun tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé ààfin, àti Mushroom, aláwàdà ọba, tó máa ń fi ìsọkúsọ kún gbogbo nǹkan. Àwọn tó dúró lórí odi Storm's End rí iná lókèèrè, wọ́n gbọ́ igbe. Kò sẹ́ni tó rí ojú Aemond nígbà tí Vhagar ṣe ohun tó ṣe.

Nítorí náà, ibi tí akọ̀wé ìtàn kò lè wọ̀ ni fíìmù wọ̀. Ìwé kọ ọ́ pé Aemond mọ̀ọ́mọ̀ pa á, nítorí ohun tí ayé gbà gbọ́ nìyẹn. Ohun tí Ọmọ Òkè Ṣábẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bá a mu gẹ́lẹ́: Aemond fúnra rẹ̀ ló fi ìròyìn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n dúró sí: ta ló kọ ọ́, ibo ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ló fẹ́ ká gbà gbọ́?

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Tísà, mo gbọ́ yín, ẹ kú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ǹ bá má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Viserys ń kú lọ. Ó rò pé Rhaenyra ọmọ òun ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó ń sọ àlá Aegon Aṣẹ́gun, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn, Alicent sì gbọ́ ọ bí ẹni pé Aegon ọmọ tirẹ̀ ni ọba ní kó jẹ. Nínú ìwé, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: Alicent àti bàbá rẹ̀ Otto fẹ́ kí ọmọ wọn jọba, wọ́n pa òkú ọba mọ́, wọ́n sì fi adé lé ọmọ wọn lórí. Laenor ọkọ Rhaenyra: nínú ìwé wọ́n pa á, nínú fíìmù wọ́n díbọ́n pé wọ́n pa á ni, ṣùgbọ́n ó gbé ọkọ̀ ojú omi sá lọ, ó fá orí. Àwọn apani tí Daemon, ọkọ kejì Rhaenyra, rán wọ ààfin: Aemond ni wọ́n ń wá, wọn ò rí i, wọ́n wá pa ọmọ kékeré Aegon.

Nígbàkigbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ ta sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ká fẹ́ràn, omi á ti dé. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí èèyàn ṣe ibi, ká sì tún máa fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Òǹwòran gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọn ò pa ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ Laenor. Òkú ta ni wọ́n wá jù sínú iná?

Daemon ló fún ìránṣẹ́ kan lọ́rùn, kí wọ́n lè rí òkú tí wọn á sun, kí bàbá àti ìyá Laenor lè máa sunkún lé e lórí. Ìránṣẹ́ yẹn kò ní orúkọ. Rhaenyra mọ̀ pé Laenor máa lọ, ó sì gbé ọkọ tuntun. Ẹ̀yin sì ní wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Lójú tèmi, ìdọ̀tí ti ìwé kò tó ti fíìmù. Wọ́n gba ẹ̀mí ọmọ ẹnì kan kí ọmọ ọba lè lọ jayé lókè òkun, àwa òǹwòran sì ń ṣàtẹ́wọ́ pé "áà, Laenor ò kú".

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Ọ̀rọ̀ rèé! Mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n gbé Rhaenys, ìyá Laenor, síwájú, nítorí òun ni wọ́n ń pè ní Ayaba Tí Kò Jẹ, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Apá kẹsàn-án sáà kìíní: wọ́n ti kó àwọn ará ìlú jọ sínú Dragonpit, ilé ńlá tí wọ́n ń tọ́jú àwọn dírágónì sí, kí wọ́n lè rí adé lórí Aegon. Rhaenys wọ ìsàlẹ̀ lọ, ó gun Meleys, dírágónì rẹ̀, ó fọ́ ilẹ̀ ilé náà jáde láàárín èrò. Ẹ wo iye àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó fò sókè tí òkúta sì wó lù. Ó dé iwájú Aegon, Alicent, Otto, gbogbo wọn wà lójú kan. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ogun parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́. Meleys ké, ó yí padà, ó fò lọ.

Ó dá àwọn ọba sí. Kò dá àwọn tí wọ́n fi tipátipá kó wá wòran sí. Kò sí èyí nínú ìwé, àwọn tó ṣe fíìmù ló fúnra wọn kọ ọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ó jẹ́ aláàánú.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, rọra. Alicent dúró síwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin náà na ọwọ́, ó fi ara bo Aegon, kò sá. Rhaenys tó ti sin ọmọbìnrin rẹ̀ Laena, tó sì rò pé òun ti sin Laenor náà, rí ìyá tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ kú. Kò lè ṣe é. Abiyamọ á yé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ti àwọn ará ìlú, òótọ́ lo sọ. Mi ò ní èsì sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Rhaenys sì ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ló sì wọ́ orí àwọn ọmọ náà. Fíìmù kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Ó dé Dragonstone, ilé olódi Rhaenyra, ó sọ pé kì í ṣe òun ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ogun náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn tó kú nínú Dragonpit ti bẹ̀rẹ̀ sí í jagun nìyẹn.

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Ní Kétu níbí, Dàhọ̀mì fọ́ ìlú wa ní 1886. Gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ Glele, ọba Dàhọ̀mì. Àwọn arìnrìn-àjò ń wá ya àwòrán ẹnubodè Àkàbà Ìdènà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n so mọ́ra tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀, orúkọ mélòó la lè kà nínú wọn? Ọmọ Òkè Ṣábẹ, ohun tó o sọ nípa ìránṣẹ́ yẹn wọ̀ mí lára nítorí èyí.

Síbẹ̀ ó ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Fíìmù náà mọ bó ṣe ń fi ikú àwọn aláìlórúkọ hàn: ẹ rántí apá keje sáà kejì, tí Rhaenyra kó àwọn ọmọ àlè ìdílé rẹ̀ jọ síwájú Vermithor, dírágónì kan tí kò ní ẹni tó ń gùn ún, tí iná sun wọn bí wọ́n ti ń sá kiri, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìpinnu Rhaenyra ni ìyẹn, gbangba, kò sí àṣìgbọ́ níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tó dára jù nínú gbogbo sáà náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ló dé tí wọn ò ṣe é fún Aemond?

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Helaena, ọmọbìnrin Alicent tó jẹ́ ìyàwó Aegon. Mi ò lè dákẹ́ lórí ẹ̀.

Mo ní kí ọmọ ọmọ mi ka ohun tó wà nínú ìwé fún mi, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti yí i. Nínú ìwé, ọmọ mẹ́ta ni Helaena bí: ìbejì, Jaehaerys àti Jaehaera, àti àbúrò wọn Maelor. Àwọn apani méjì yẹn, Blood àti Cheese, wọlé, wọ́n ti de Alicent mọ́lẹ̀ wọ́n sì fi aṣọ dí i lẹ́nu, níṣojú ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí Helaena yan ọ̀kan nínú ọmọkùnrin méjèèjì tí wọ́n máa pa. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa òun. Wọ́n ní àfi kó yàn. Ó yan Maelor, bóyá nítorí pé ó kéré tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ fẹ́ kó kú, wọ́n wá pa Jaehaerys dípò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ tó yàn fún ikú kò kú. Láti ọjọ́ náà, kò lè wo ojú ọmọ náà mọ́. Ìyẹn ló ba ìyá náà láyé jẹ́.

Nínú fíìmù, wọ́n ti yọ Maelor kúrò. Ìbejì wà lórí ibùsùn, àwọn apani ò mọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin, Helaena nàka sí i, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ó sá jáde. Ó dùn mí, mi ò sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n yíyàn ti kúrò níbẹ̀. Ó kàn sọ òótọ́ fún wọn ni.

Níbí ni mo ti bá Akọ̀wé lọ pátápátá. Ti Aemond, rárá. Ti Helaena, bẹ́ẹ̀ ni.

Tísà Gbókòótọ́ (Àjàṣẹ́)

Martin fúnra rẹ̀ bá yín lọ, ìyá wa. Ní oṣù kẹsàn-án 2024 ó kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ pé yíyọ Maelor kúrò ba ìṣẹ̀lẹ̀ náà jẹ́, ó sì máa ṣàkóbá fún ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó ṣàlàyé pé Ryan Condal tó ń darí iṣẹ́ náà sọ fún òun pé wíwá ọmọ kékeré mìíràn tí yóò ṣeré náà máa dá iṣẹ́ dúró, ó sì máa náni lówó; ìyẹn ló jẹ́ kí òun gbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò níbi tó kọ ọ́ sí.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe fún Alicent lóru ọjọ́ kan náà. Nínú ìwé, wọ́n dè é, ó ń wò. Nínú fíìmù, ó wà lórí ibùsùn pẹ̀lú Criston Cole, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ìdílé ọba. Wọ́n gba ìpinnu lọ́wọ́ Helaena, wọ́n wá gbé ẹ̀bi lé Alicent àti Criston lọ́wọ́. Nítorí náà, Akọ̀wé, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ń fọ̀.

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan tó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Kí ló dé tí Viserys kò pe ìgbìmọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i? Òun fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ ńlá ni wọ́n fi yàn án lórí Rhaenys. Nígbà tó bí ọmọkùnrin lẹ́yìn tó ti ní Rhaenyra ni yóò jẹ, ó mọ̀ pé ìjà ń bọ̀. Ó jókòó tì í títí tó fi kú. Ìpinnu tó tóbi jù lọ nínú ìtàn náà ni èyí tí ọkùnrin yẹn kò ṣe.

Ní Kétu, ìdílé márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí láàárín wọn: Aláàpíni, Màgbó, Arò, Mẹ̀sà, Mẹ̀fù. Ìdílé tó jẹ lónìí mọ̀ pé òmíràn ló kàn. Kò sọ pé kí ìjà má wà o. Ìtàn kan tí àwọn àgbà ń pa nípa ìpilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ pé ìbejì ọmọ ọba, Ẹdun àti Akàn, ló ń jà sórí oyè Kétu, tí ọ̀kan fi sá lọ sí Ìlóbì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ikùn kan náà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá rí Aegon àti Aemond.

Tísà Gbókòótọ́ (Àjàṣẹ́)

Àwa ní Àjàṣẹ́ ní ti wa. Ọba Tofa jẹ láti 1874 títí di 1908. Ẹ̀rù Dàhọ̀mì ń bà á, ó sì wà lábẹ́ ààbò Faransé láti lè dúró lórí ìtẹ́. Nígbà tí yóò fi kú, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó pè wá ràn án lọ́wọ́. Mo rò ó nígbà tí Rhaenyra fi dírágónì lé Hugh àti Ulf, méjì nínú àwọn ọmọ àlè yẹn, lọ́wọ́. Ó ń wá agbára tí yóò fi borí ọ̀tá, kò bi ara rẹ̀ bí yóò ṣe gba agbára náà padà. Ẹ wo Ulf níbi àsè apá kẹjọ, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì ayaba.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Ó dáa. Mo fẹ́ padà sórí Aemond, nítorí ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ò tíì dá mi lóhùn lórí ohun tí ọkàn mi ń sọ.

Ogun ilé olódi Rook's Rest, apá kẹrin sáà kejì. Aemond fara pa mọ́ pẹ̀lú Vhagar. Aegon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu ọtí yó, ó gun Sunfyre, dírágónì rẹ̀, wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Aemond rí i. Ó dúró, ó ń wò ó bí Meleys ṣe ń fà á ya. Nígbà tó wá dìde, tí Aegon àti Rhaenys wà lójú kan, ó pàṣẹ iná. Iná náà gba àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ rìn wọnú igbó pẹ̀lú idà lọ́wọ́ lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú sí. Bí Criston ò bá dé ńkọ́?

Ṣé èyí wà nínú ìwé?

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Kò sí níbẹ̀. Nínú ìwé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ dojú kọ Meleys ni, Aegon sì fara gbọgbẹ́ nínú ìjà.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi wàyí. Wọn ò gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n gbé e lọ. Lókè Storm's End, ó pariwo "rárá" fún ọmọ tó kórìíra. Ní Rook's Rest, kò pariwo rárá fún ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ jẹun nílé kan. Láàárín méjèèjì ló ti kọ́ pé ayé á bẹ̀rù òun bí òun bá gbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ti ìwé, ọjọ́ kan ló di apani. Ti fíìmù, a rí i bó ṣe ń dì í.

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Àbúrò mi, ibi tó o fà yọ yìí lágbára, mo ti ń rò ó láti àná. Ṣùgbọ́n gbọ́ ibi tí mo dúró sí. Gbogbo ogun náà, orí ikú Lucerys ló jókòó lé. Nítorí Lucerys ni Rhaenyra ṣe yí padà, nítorí rẹ̀ ni Daemon ṣe rán Blood àti Cheese, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé "ọmọ fún ọmọ". Bí ikú yẹn bá jẹ́ èèṣì, gbogbo ẹni tó kú lẹ́yìn rẹ̀, èèṣì ló pa wọ́n. Rook's Rest kò lè tún ìyẹn ṣe, nítorí pé ó ti pẹ́. Mo fẹ́ kí ìpinnu wà níbi tí iná ti bẹ̀rẹ̀.

Tísà Gbókòótọ́ (Àjàṣẹ́)

Ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe Storm's End. Tábìlì ìgbìmọ̀ ni, apá kẹsàn-án. Òkú Viserys kò tíì tutù tán, Otto àti àwọn yòókù ti ní ètò Aegon nílẹ̀ tipẹ́, Alicent gan-an kò mọ̀. Beesbury bàbá arúgbó ló dìde pé èyí kì í ṣe òdodo, Criston fi orí rẹ̀ gbá tábìlì, ó kú. Àṣìgbọ́ Alicent kò fi ẹnikẹ́ni jọba: àwọn ọkùnrin yẹn ì bá fi Aegon jẹ bí Viserys tilẹ̀ kú láìsọ ohunkóhun. Ohun tí àṣìgbọ́ náà ṣe fún un ni pé ó jẹ́ kó lè sùn lóru.

Ìpinnu tirẹ̀ dé lẹ́yìn, ní apá kẹta sáà kejì, nígbà tí Rhaenyra wọ aṣọ obìnrin àlùfáà wọ inú tẹ́ńpìlì lọ bá a. Ìgbà yẹn ló yé e pé Aegon Aṣẹ́gun ni ọba ń sọ. Ó mọ òótọ́ lójú Rhaenyra, ó sì yàn láti dìde kó lọ. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú yẹn wúwo ju gbogbo dírágónì lọ.

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Ó wá lọ sí Dragonstone ní apá kẹjọ, ó fi ìlú àti orí ọmọ rẹ̀ lé Rhaenyra lọ́wọ́. Obìnrin tó fi ara bo Aegon níwájú Meleys ló tún ta á. Mi ò lè gbà á. Kò sí nínú ìwé, kò sì yẹ kó wà nínú fíìmù.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Èmi gbà á, ó sì dùn mí láti gbà á.

Ẹ wo ẹni tó kù nílé rẹ̀. Aemond ti gba ìjókòó ìgbìmọ̀, ó sì ti fọwọ́ rọ́ ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fẹ́ fi tipátipá gbé Helaena gun dírágónì lọ sógun. Aegon ti jóná, kò lè bímọ mọ́, kò lè rìn dáadáa. Alicent wò ó pé ọmọ kan ló kù tí òun lè gbà là, Helaena, àti ọmọbìnrin kékeré rẹ̀. Rhaenyra ní orí Aegon lòun fẹ́, níṣojú ayé. Alicent kọ́kọ́ kọ̀. Rhaenyra bi í léèrè pé ṣé ó fẹ́ kí ogun dópin àbí kò fẹ́. Ó gbà.

Ọmọ Agbẹ́gilére, ohun tí wọ́n ní kí Helaena ṣe nínú ìwé, kó yan èyí tó máa kú nínú ọmọ méjì, Alicent ni wọ́n ní kó ṣe é nínú fíìmù. Kò sí apani tó gbé ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Ẹ ní ẹ̀ ń wá ìpinnu tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Òun nìyẹn.

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Ìyá wa, ìyá tó bá yan ọmọ kan fún ikú pẹ̀lú ọkàn tútù báyìí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Èmi náà kò pè é ní ẹni rere. Mo ní ó yàn. Kó tó padà dé ilé, Larys, olórí àwọn amí ààfin, ti gbé Aegon sá lọ, kò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá béèrè orí tó ṣèlérí, kí ló máa fún wọn? Ohun tí mò ń dúró wò nìyẹn, mo sì fẹ́ kí Akọ̀wé ṣí ìjíròrò tuntun fún un bí sáà tó kàn bá jáde.

Akọ̀wé Ìdènà (Kétu)

Màá ṣí i, ìyá wa. Ti Alicent, ẹ ti gbà mí mú. Ti Aemond, ibi tí mo wà ni mo ṣì wà, Ọmọ Òkè Ṣábẹ náà kò sì kúrò níbi tó wà. Tísà, bí ẹ bá ráyè, ẹ kọ ohun tí Eustace àti Mushroom sọ lórí Criston àti Rhaenyra fún wa, nítorí ẹnu wọn kò kò rárá níbẹ̀, mo sì fẹ́ ká fi wé ohun tí fíìmù ṣe ní sáà kìíní.